Bí Mo Ṣe Wá Ìparí fún Ìtàn Lábísí

Ilé wa ní Òmù-Àrán,
lẹ́yìn ọdún iṣu, nígbà tí òjò ń palẹ̀ mọ́.

Rẹ̀mílẹ́kún ọmọ mi, Àwẹ̀ró mi,

Mo kí ọ o, mo kí ọ kú àjò, mo kí ọ kú ilé onílé, mo kí ọ kú ìwé kíkọ́ àti òtútù etí òkun tí wọ́n ní kì í jẹ́ kí aṣọ gbẹ. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ò ń jẹun yó? Ẹlẹ́dàá tí ó mú ọ kọjá gbogbo ọ̀nà ogun dé Èkó láìfarapa ni yóò máa ṣọ́ ọ lọ. O kò ní jìn sí omi, ọkọ̀ ńlá kò ní gbé ọ lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ oríkì rẹ, ọ̀rọ̀ rẹ kò sì ní sú àwọn tí ò ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Àmín. Babátúnjí ní kí n máa fi àmín sí i, pé bí kò bá sí àmín, àwọn oníwàásù kò ní ka lẹ́tà náà sí.

Bí o bá rí i pé ọwọ́ ìkọ̀wé yìí dára, ti Babátúnjí ni, ọmọ amọ̀kòkò tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ọjà, èyí tí ogun kó lọ ní kékeré, tí ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníwàásù ní Abẹ́òkúta, tí ó sì kọ́ ìwé wálé nígbà tí ogun parí. Ó jókòó sórí ẹní, èmi jókòó sídìí òfì mi, mò ń hun aṣọ, mò ń sọ̀rọ̀, ó ń kọ. Ó ní ọ̀rọ̀ mi yá jù, pé ọwọ́ kò lè sáré bí ẹnu. Mo ní kó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Àwọn alájàpá tí ń ti Ìbàdàn bọ̀ ni ó mú lẹ́tà rẹ wá. Mo rí orí obìnrin kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, tí ó dé adé. Mo rò pé ìyàwó òyìnbó tí ò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ni, mo bá kúnlẹ̀, mo kí i kú ìtọ́jú ọmọ. Babátúnjí ní rárá, pé ọbabìnrin àwọn òyìnbó ni, pé òun ni ẹ̀rí pé a ti san owó ọ̀nà lẹ́tà, àti pé ahọ́n ni wọ́n fi ń lá ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó tó lè lẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún, ṣé ìwọ ni o lá ọba lẹ́yìn? Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni, jọ̀wọ́ máa tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ̀ kí o tó lá a. Kò sí bí ó ṣe kéré tó, adé wà lórí rẹ̀.

Mo rí àwòrán rẹ náà tí o fi sínú rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbé e fún gbogbo ilé wò. Ṣùgbọ́n ta ni ó fọ aṣọ tí mo hun fún ọ tí gbogbo aró ara rẹ̀ fi ṣí, tí ó wá dà bí eérú? Ìwọ fúnra rẹ náà ti ṣí. Kí wọ́n má lo ọṣẹ yẹn mọ́. Kí ló sì dé tí o dúró bí ẹni tí wọ́n ń bá wí?

Wàyí o, iṣẹ́ tí o rán wa. O ní iléẹ̀kọ́ tí o wà fẹ́ tẹ ìwé kan tí àwọn ọmọ yóò máa kà, pé kí n fi ìtàn kan ránṣẹ́ láti ilé, ìtàn tí ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, o sì to gbogbo ohun tí ìtàn gbọ́dọ̀ ní sínú lẹ́tà kí n má baà gbàgbé ọ̀kankan. Ọjọ́ tí Babátúnjí kà á, gbogbo agboolé ni ó péjọ. Bí ó ti dé ibi tí o ti wí pé ìtàn gbọ́dọ̀ ní ibùdó, bàbá rẹ dìde dúró. Wọ́n ní ta ni ó pa ibùdó? Wọ́n ní apá ibo ni wọ́n pa á sí, ṣé ọ̀nà Òfà ni àbí ọ̀nà Ìlọrin? Babátúnjí ní rárá o, Baba, ibi tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀ àti àsìkò tí ó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ ní láti ìgbà tí àwọn ti dáyé, ibi tí jagunjagun bá kó ìbọn jọ sí ni àwọn mọ̀ sí ibùdó, pé ọmọ àwọn gbọ́n, ó mọ ohun tí ó rí ní Èkó tí ó fi ránṣẹ́, kò kàn fẹ́ sọ ọ́ gbangba ni. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti kó iṣu wa lọ sínú igbó, wọ́n so ewúrẹ́ mọ́ inú yàrá mi. Ewúrẹ́ náà jẹ gbogbo òwú tí mo ti ran sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé rẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú ilé yìí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ibùdó yẹn náà ni ó mú wa dé ọ̀dọ̀ Lábísí. Torí bí wọ́n ti pe ibùdó, ibùdó Òfà ni gbogbo wa rántí, ojú gbogbo wa sì yí sí i níbi tí ó ti ń fọ ìkòkò aró rẹ̀. Kò gbé orí sókè.

O ti wà ní Èkó nígbà tí wọ́n gbé Lábísí wọlé, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ. Ọmọ Òwu-Ìsin ni, aláró ni, ìyàwó Ọ̀jẹ̀túndé. O mọ Ọ̀jẹ̀túndé, ọmọ àbúrò bàbá rẹ, òun ni ó máa ń gbé ọ kọ́rùn tí ẹ bá ń lọ sódò. Kò tíì pẹ́ tí ó gbé ìyàwó tí wọ́n fi ké pe àwọn ọkùnrin sí ogun Òfà, ó sì lọ. Ogun parí. Àwọn tí ó kù padà, ẹlòmíràn ń tiro, ẹlòmíràn gbé ìbọn ọ̀tá wálé. Ọ̀jẹ̀túndé kò padà. Kò sí ẹni tí ó rí òkú rẹ̀, kò sí ẹni tí ó mú irun orí rẹ̀ wálé fún wa. Àwọn àgbà dúró, dúró, nígbà tí ó sú wọn wọ́n ní ó ti kú, a ṣe òkú rẹ̀ láìsí òkú, a pa ewúrẹ́, oko rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Ògúnbọ̀dé àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà. Bàbá rẹ gẹ́gẹ́ bí baálé ní kí Ògúnbọ̀dé ṣú Lábísí lópó, lọ́dún yìí wọ́n wá ní kó má kọjá ìgbà tí a bá jẹ iṣu tuntun.

Lábísí ní òun kò lọ. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Yóò kàn sọ pé kí ẹni tí ó bá rí òkú ọkọ òun wá fi ibẹ̀ han òun, yóò sì padà sídìí aró rẹ̀. Bàbá rẹ bá a sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, wọ́n bá a sọ ọ́ líle. Ohun kan náà ni ó ń wí.

Mo bá sọ fún Babátúnjí pé ìtàn tí ọmọ mi ń fẹ́ nìyí, ó ní ibùdó, ó sì ní ìforígbárí tí ìwé rẹ tún bèèrè, torí orí bàbá rẹ àti orí Lábísí ti ń gbá ara wọn láti bí ọdún mẹ́ta. Kó máa kọ ọ́. Kíá ni ariwo sọ nítorí olú ẹ̀dá ìtàn tí o ní ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bàbá rẹ ní nínú agboolé tí àwọn ti jẹ́ baálé, olú mìíràn kò lè sí. Babátúnjí ní ẹni tí ó ń fẹ́ nǹkan kan gidigidi, tí àwa sì ń tẹ̀ lé e láti mọ̀ bóyá yóò rí i, òun ni olú. Bàbá rẹ ní àwọn náà ń fẹ́ kí wọ́n tún òrùlé àwọn ṣe láti ọdún mélòó kan, ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ lé àwọn. Èmi náà bi í bóyá àwọn ère òkúta tí ó jókòó sínú igbó wa ní Ẹ̀sìẹ́ jẹ́ ẹ̀dá ìtàn. Ó ní kí ni wọ́n ń ṣe? Mo ní wọ́n ń jókòó. Ó ní kí ni wọ́n ń fẹ́? Mo ní mi ò tíì bi wọ́n. Ó ní wọn kì í ṣe ẹ̀dá ìtàn nìyẹn. Mi ò gbà fún un, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni kálàmù wà.

Èyí tí ó dùn mọ́ mi jù ni àhunpọ̀ ìtàn. Ìyẹn kò ṣòro fún mi rárá, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Òwú yìí á kọjá lábẹ́ ìyẹn, ìyẹn á kọjá lórí èyí, bí o bá fo ọ̀kan, ihò yóò wà níbẹ̀ tí ìka ẹni tí ó rà á yóò yọ. Mo ń bi ọ́ o, ṣé ẹ̀yin náà ń fi òfì hun ún ní Èkó kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́?

Babátúnjí kọ ọ́ títí, ó dé ibi tí Lábísí ti ní òun kò lọ, ó gbé kálàmù sílẹ̀. Ó ní lẹ́yìn náà ń kọ́? Mo ní ibẹ̀ la wà. Ó ní ìtàn náà kò ní ìparí, wọn kò sì ní tẹ ìtàn tí kò parí. Ọmọ mi, láti ìgbà tí ìyá mi ti kọ́ mi ní òfì, mi ò fi aṣọ sílẹ̀ sórí òfì láìparí rí. Iṣu tuntun sì ti sún mọ́lé. Mo wá rí i pé èmi ni yóò lọ wá ìparí náà.

Mo kọ́kọ́ lọ bá bàbá rẹ. Wọ́n ní ìparí ni pé yóò lọ sílé Ògúnbọ̀dé, ó tán. Mo lọ bá Ògúnbọ̀dé lóko. O mọ̀ pé ojú a máa tì í. Ó yẹ̀bá díẹ̀, ó ń fi ọkọ́ ha ilẹ̀ tí kò sí koríko lórí rẹ̀, ó ní Ìyá Àwẹ̀ró, mo fẹ́ràn Lábísí, mi ò purọ́ fún un yín, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ obìnrin tí yóò máa gbé oúnjẹ fún mi tí ojú rẹ̀ yóò máa wo ẹnu ọ̀nà. Mo wá lọ bá Lábísí fúnra rẹ̀. Ó ní ìyáálé mi, ọjọ́ tí mo bá mọ ibi tí ó wà ni ó parí, ì báà jẹ́ lórí ilẹ̀, ì báà jẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Mo sáré lọ bá Babátúnjí pé kó kọ ọ́, a ti rí i. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ìparí, ohun tí ó ń fẹ́ nìyẹn.

Mo bá di aṣọ mi, mo sọ fún bàbá rẹ pé mò ń lọ tà á ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Irọ́ kọ́ o, mo tà á. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé gbogbo ẹni tí ó bá lọ sí Ìlọrin tàbí tí ó ti ibẹ̀ bọ̀ ń gba Àjàṣẹ́ kọjá. Èmi àti àwọn alájàpá rìn títí ẹsẹ̀ mi wú, a sùn ní Òwu-Ìsin, a dé ibẹ̀ lọ́jọ́ ọjà. Bí mo ti tẹ́ aṣọ sílẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí bi gbogbo ẹni tí ó wá ná an pé, ẹ jọ̀wọ́, mò ń wá ìparí ìtàn kan. Àwọn kan rò pé orí mi ti dàrú. Áfáà kan ṣe àdúà fún mi, ó sì ra aṣọ, Ọlọ́run á bù kún un. Ọkùnrin Tápà kan tí ń ta ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Ndako ni ó ń jẹ́, gbọ́ mi títí, ó ní kí n sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọ́, pẹ̀lú ibùdó àti ìforígbárí, mi ò fo òwú kankan. Nígbà tí mo parí, ó sún mọ́ mi. Ó ní oníṣẹ́ okùn kan wà ní ẹ̀bá ọ̀nà Ìlọrin, ó ń tiro, ilà ojú rẹ̀ dà bí ti àwọn ará ilé mi. Ó ní ohun tí òun ti ń rò nípa rẹ̀ ni pé kì í wá sí ọjà lọ́jọ́ tí àwọn ará Òmù-Àrán bá wá.

Mi ò ká aṣọ mi nílẹ̀. Ndako ni ó bá mi ká a.

Ọ̀jẹ̀túndé ni, Rẹ̀mílẹ́kún. Ó wé láwàní, ó ń lọ́ okùn tí wọ́n fi ń di ẹrù mọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ọmọbìnrin kékeré kan sùn sí itan rẹ̀. Ó rí mi, okùn náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tú padà pátápátá. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ kejì kò ká dáadáa, ó wá kàn tẹrí ba síbẹ̀, ó ní Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ kú àbọ̀. Bí ẹni pé àná ni ó kúrò nílé. Mo ti wà nínú ilé yẹn kí wọ́n tó bí i, èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Mo jókòó sílẹ̀, mo ní kó máa sọ ọ́.

Ó ní ìbọn bà òun lẹ́sẹ̀ ní Òfà, wọ́n mú òun, wọ́n gbé òun lọ sí Ìlọrin, ibẹ̀ ni òun ti kọ́ okùn lílọ́. Ọ̀gá òun jẹ́ ènìyàn dáadáa, òun bá a kírun, wọ́n sọ òun ní Ìbráhímù, nígbà tí ó fẹ́ kú ó ní kí òun máa lọ sílé. Òun ti ń bọ̀. Òun dé Àjàṣẹ́ níbí, òun bá oníṣòwò kan láti Òmù-Àrán pàdé tí kò dá òun mọ̀ nítorí láwàní, òun bi í léèrè ilé, ó ní wọ́n ti ṣe òkú Ọ̀jẹ̀túndé, wọ́n ti jẹ ewúrẹ́ rẹ̀, wọ́n ti pín oko rẹ̀, wọ́n ti fi ìyàwó rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Ó ní òun kò mọ ẹnu ọ̀nà tí ẹni tí wọ́n ti sin yóò gbà wọlé. Òun bá jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà. Obìnrin kan gbé omi fún òun. Ibẹ̀ náà ni òun jókòó sí títí di òní.

Mo ní wọn kò fi ìyàwó rẹ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní ó kọ̀. Mo ní gbogbo ilé ní o kú, òun nìkan ló ní o kò kú.

Ó fi láwàní bo ojú rẹ̀. Mo fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n mo rántí pé iṣẹ́ ni mo bá wá. Mo ní Ọ̀jẹ̀túndé, ìwọ ni o dá iṣẹ́ àwọn òyìnbó dúró ní Èkó. Irin tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ti la ẹnu sílẹ̀, ìwọ ni ó ń dúró dè. Ẹ̀rù bà á gidi, ó ní ṣé wọ́n ti kọ orúkọ òun sílẹ̀ ni? Mo ní a ti kọ ọ́, ó wà lọ́wọ́ Babátúnjí. Obìnrin tí ó gbé omi fún un, Bíntù ni orúkọ rẹ̀, jáde láti inú ilé, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, o kò jókòó kí o kọjú sí ọ̀nà ilé rẹ rí. Ó rẹ̀ mí láti máa wò ó. Lọ kí wọn.

Ó ní òun yóò wá lọ́jọ́ ọdún iṣu.

Lẹ́tà rẹ wí pé kí òpìtàn má tètè tú ìparí síta, kí ó dì í mú títí àsìkò yóò fi tó. Mo gbìyànjú, ọmọ mi. Mo dì í mú láti Àjàṣẹ́ títí dé ìdí ìkòkò aró Lábísí, ibẹ̀ ni ó ti bọ́. Babátúnjí bínú, ó ní mo ba ìtàn jẹ́. Mo ní Lábísí kì í ṣe ọmọ iléẹ̀kọ́ tí yóò máa ka ìwé, òun ni ó ni ín.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún un, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú aró, ó sì fi wọ́n síbẹ̀. Ó bi mí pé ẹsẹ̀ wo ni ó fi ń tiro. Mo ní òsì. Ó bi mí bóyá ó ti bímọ. Mo ní ọ̀kan, obìnrin. Ó ní ṣé ara ọmọ náà le? Mo ní ó le. Ó ní ẹ jẹ́ kí n parí aṣọ yìí, kí aró má baà ṣá lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ ọdún iṣu, gbogbo wa jókòó yí abọ́ ká nígbà tí ọkùnrin kan fi ọ̀pá wọlé. Ìwé rẹ tún bèèrè ojú ta ni a fi wo ìtàn náà. Ojú mi ni. Èyí ọ̀tún ń ṣe bàìbàì díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí òsì dára, òun ni mo fi rí i. Àwọn ọmọdé fọ́nká, wọ́n ń ké pé òkú dé. Bàbá rẹ dìde, wọ́n jókòó, wọ́n tún dìde. Ohun àkọ́kọ́ tí ó jáde lẹ́nu wọn ni pé, báwo la ó ti ṣe ewúrẹ́ tí a ti jẹ? Mi ò lè sọ ọ́ fún ọ bí ẹ̀rín ṣe fẹ́ pa mí níbi tí omijé ti ń bọ́ lójú mi. Ògúnbọ̀dé ju iṣu ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sáré so mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń ké bí ọmọ kékeré, lẹ́yìn náà ó wọlé lọ, ó gbé ọkọ́ Ọ̀jẹ̀túndé jáde, ó gbé e sí i lẹ́sẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Lábísí bu omi. Ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún ọkọ rẹ̀, ó dúró títí ó fi mu ún tán. Ọ̀jẹ̀túndé ní kí ó dárí ji òun. Ó ní bí ó bá fẹ́, kí ó bá òun lọ sí Àjàṣẹ́, Bíntù ti ní òun yóò pè é ní ìyáálé. Ó ní bí kò bá sì fẹ́, òun yóò padà wá sílé.

Lábísí ní, ọkọ mi, mo dúpẹ́ pé o wà láàyè. Inú mi dùn sí i ju bí ẹnu mi ṣe lè sọ ọ́. Ó ní ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mò ń bá gbogbo ilé yìí jà nítorí rẹ, ìwọ sì wà ní ìtòsí, ò ń sá fún ọjọ́ ọjà wa. O gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnìkan, o gbà á gbọ́. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu gbogbo ènìyàn, mi ò gbà. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ó ní mo fẹ́ mọ ibi tí o wà, mo ti mọ̀ ọ́n, ó tó mi.

Ó wá kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ. Ó ní Baba, ẹni tí ẹ ní ó kú rèé, ó ń mí, nítorí náà kò sí opó nínú ilé yìí tí ẹnikẹ́ni yóò ṣú. Ó sì ti ní ilé mìíràn, nítorí náà kò sí ìyàwó tí yóò máa dúró dè é. Ó ní kí wọ́n yọ̀ǹda òun, òun fẹ́ padà sílé ìyá òun ní Òwu-Ìsin.

Bàbá rẹ wò mí. Wọ́n wo Babátúnjí. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí bébà yẹn ti wọ ilé yìí ni àwọn kò ti sinmi. Ṣùgbọ́n o mọ̀ wọ́n, bí wọ́n bá ti pariwo tán, wọ́n a máa ro nǹkan re. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí Lábísí sọ kò ní ihò. Wọ́n ní kí ó máa lọ ní àlàáfíà, kí àwọn ọmọkùnrin bá a ru ìkòkò aró rẹ̀, torí tirẹ̀ ni.

Mo sìn ín dé òpin ilé. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún aró títí dé ìgúnpá, ó gbé ẹrù aṣọ lérí, ó ń rìn bí ẹni tí ń lọ sí ibi ìnáwó. Mo ní Lábísí, ṣé kò dùn ọ́? Ó ní ó dùn mí, ìyáálé mi, ṣùgbọ́n mo sùn dáadáa lánàá.

Ọ̀jẹ̀túndé ti padà sí Àjàṣẹ́. Ó ti wá kí wa lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, bàbá rẹ ti gbé ọmọ náà kọ́rùn. Ògúnbọ̀dé ni kò yé mi. Ní ọjọ́ ọjà tó kọjá, ó wẹ̀, ó fi epo pa ara, ó ru iṣu tí ó dára jù lọ nínú oko rẹ̀, ó ní òun ń lọ wo ewúrẹ́ ní Òwu-Ìsin. Bàbá rẹ ní ewúrẹ́ Òwu-Ìsin kò sàn ju tiwa lọ. Ó ti bọ́ sọ́nà. Ó padà wálé láìsí ewúrẹ́, láìsí iṣu, ó sì ń rẹ́rìn-ín nídìí ògiri. Babátúnjí ní kí n dúró kí a mọ bóyá Lábísí yóò gbà fún un, pé ìyẹn ni ìparí gan-an. Mo ní rárá, ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún ni a jẹ́ kí ó fúnra rẹ̀ mọ ohun tí ó kàn. Kó kọ ọ́ pé Lábísí wà nílé ìyá rẹ̀, ó ń pa aṣọ láró, àwọn ènìyàn ń wá rà á láti ìlú Bàbáńlá. Bí àwọn tí ń tẹ ìwé bá ní ìyẹn kì í ṣe ìparí, kí wọ́n wá bá mi.

Ó ku ohun kan. O ní ìtàn gbọ́dọ̀ ní ẹ̀kọ nígbẹ̀yìn. Bí Babátúnjí ṣe kà á nìyẹn, ó ní kò sí àmì lórí rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ebi a máa pa ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn pẹ́, nítorí náà mo ro ẹ̀kọ, mo fi ewé eéran pọ́n ọn, ó wà nínú apẹ̀rẹ̀ tí alájàpá yóò gbé fún ọ. Bí ó bá kan díẹ̀ kí ó tó dé, ẹ fi ata jẹ ẹ́. Kí ẹ pín in fún gbogbo ọmọ iléẹ̀kọ́, kí wọ́n lè sọ pé ìtàn ìyá rẹ pé.

Sọ fún àwọn tí ń tẹ ìwé kí wọ́n rọra tẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ ẹyìn ọ̀pẹ tí ó fi jẹ́ pé ihá nìkan ni yóò kù. Lábísí ni kí wọ́n kọ, kí wọ́n má sọ ọ́ ní orúkọ oníwàásù bí wọ́n ti sọ ìwọ ní Rúùtù.

Bí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí n fi ra òwú dípò èyí tí ewúrẹ́ jẹ, àti iyọ̀, àti abẹ́rẹ́ òyìnbó tí ojú rẹ̀ tóbi. Bàbá rẹ ní kí o bá àwọn wá nǹkan tí wọ́n fi ń bo òrùlé ní Èkó, èyí tí wọ́n ní òjò máa ń lù bí ìlù. Babátúnjí ní tàdáwà tí òun fi ń kọ̀wé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kí n máa ṣe gírí.

Ọmọ mi, ìwé tí ò ń kọ́ kò ní kọ́ ọ dànù. Ohun tí o bá ń wá, o ó bá a níbi tí ó gbé wà. Ẹni tí o bá fẹ́ kò ní gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn gbọ́ nípa rẹ. Ọwọ́ rẹ kò ní há sínú irin ìtẹ̀wé. Ní ọjọ́ tí o bá padà wálé, ojú ọ̀sán gangan ni, oúnjẹ yóò wà lórí iná, èmi ni n ó sì gba ẹrù lórí rẹ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, tí ó bí ọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ òjò,
Ìyá Àwẹ̀ró.